Dọ́là Kọ́ Ni Dókítà

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì Dádì Kékeré daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Ìlúpéjú ló dá owó. JSS 1 ni mo wà nígbà náà, ó sì ṣojú mi kòró. Dádì Kékeré ni àbúrò tó tẹ̀lé bàbá mi. Ìjọ wa gbé igbá ọrẹ fún wọn. Mọ́sáláṣí tó wà ní ìkángun òpópónà wa gba tiwọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé ní Ṣómólú yọ nínú owó ọ̀sẹ̀ wọn. Màmá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ike tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ní kí a má kọ orúkọ àwọn sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa ló ṣẹ: ìlú péjú, ìlú pésẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn ló fi kíndìnrín kan sílẹ̀ fún àbúrò wọn. Ọdún 2021 ni iṣẹ́ abẹ náà wáyé. Lọ́jọ́ tí ìtọ̀ kọ́kọ́ já geere, lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ìyá mi bú sẹ́kún ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn. A ṣe ìdúpẹ́, a se ìrẹsì, a jó, èrò sì túká.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún gbé igbá nítorí oògùn. Àwọn ènìyàn wa kò burú. Gbogbo wa kàn gbà pé iṣẹ́ ti parí ni: kíndìnrín tuntun ti wọlé, ó ń ṣiṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo wá bá jà nínú àròkọ yìí. Mo ní ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún tí a kò ṣètò oògùn rẹ̀, ilé ni a kọ́ fún un tí a kò kan òrùlé sí. Mo sì ní láti ọdún 2023, dókítà kọ́ ló ń díwọ̀n oògùn fún ọ̀pọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní Èkó mọ́. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ló ń díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọn kò ṣe Biology. Ara ènìyàn mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì mọ àjèjì. Bí kòkòrò bá wọlé, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á dìde sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò tó wá jà àti kíndìnrín tó wá ṣèrànwọ́. Ẹ rántí bí àwọn onílé Èkó kan ṣe ń ṣe: ayálégbé ń sanwó, ó ń gbálẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, síbẹ̀ onílé ní àfi kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìgbà kan ṣoṣo tí onílé yìí kì í jà ni bí ayálégbé bá jẹ́ ìbejì rẹ̀ tí wọ́n jọra pátápátá. Bí iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín tó kọ́kọ́ yọrí sí rere ṣe wáyé nìyẹn, ní Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Ronald Herrick fún Richard, ìbejì rẹ̀, ní kíndìnrín kan. Dókítà Joseph Murray ló ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1990. (Àwa Yorùbá ni a mọ̀ fún ìbejì bíbí ju gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa kò jọra débi pé kí onílé má mọ̀ wọ́n yàtọ̀.)

Fún ẹni tí kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀, oògùn ló ń bá a bẹ onílé, títí ayé kíndìnrín náà. Nílé wa, “apẹ̀tù” ni a ń pè é. Mẹ́ta ni wọ́n sábà ń lò pa pọ̀: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone. Tacrolimus ló gba ìṣọ́ra jù. Ara kòkòrò bíńtín kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ agbègbè òkè Tsukuba ní Japan ni wọ́n ti rí i ní 1984.

Bí apẹ̀tù yìí bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, onílé á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ayálégbé. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun ara á sùn fọnfọn, àìsàn tí kò tó nǹkan á di ńlá. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á ròkè, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, tacrolimus fúnra rẹ̀ á sì máa ba kíndìnrín tó yẹ kó dáàbò bò jẹ́. Oògùn kan náà ló ń ṣọ́ ilé, òun náà ló lè dáná sun ún. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìwọ̀n kan tí a lè kọ sára páálí pé kí gbogbo ayé máa lò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bi. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kí aláìsàn tó lo oògùn, nígbà tí èyí tó lò lálẹ́ àná ti pé wákàtí 12, wọ́n á wá wo iye tó ṣẹ́kù. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ dókítà a máa fẹ́ kó wà láàárín bíi 8 sí 12 nanogram nínú milliliter ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá yá, wọ́n á jẹ́ kó rọra wálẹ̀ sí bíi 5 sí 8. Wọ́n á fi kún un, wọ́n á yọ níbẹ̀, wọ́n á tún wò ó, bí ìyá ṣe ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, a lè bu omi sí i.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ìfun ènìyàn tó ń jẹ́ CYP3A5. Òun ló ń wó tacrolimus palẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, èròjà yìí kì í ṣiṣẹ́. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwa Yorùbá, ó ń ṣiṣẹ́ bí aago. Nítorí náà, ìwọ̀n tó tó òyìnbó lè má tó wa rárá. Ìtọ́sọ́nà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2015 ní kí ẹni tí CYP3A5 ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan àbọ̀ sí ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí àwọn yòókù ń lò, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì máa darí ohun tó kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, tí wọ́n fẹ́ mọ bí àbùdá ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, 90 Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá ń ṣèwádìí nípa àbùdá níbikíbi láyé ń bá Yorùbá Ìbàdàn pàdé nínú ìwé rẹ̀. A ti fún ayé ní ẹ̀jẹ̀ kí ayé lè mọ̀ pé ìwọ̀n tiwa yàtọ̀. Ó wá jẹ́ pé ní Ìlúpéjú níbí, Yorùbá kan kò rí owó san kí wọ́n lè wo ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ sì ro ìtumọ̀ rẹ̀ lápò: àwa tí ara wa nílò oògùn púpọ̀ jù ni a ń san owó púpọ̀ jù, àwa náà ni náírà wa já lulẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní bíi ₦460 ní báǹkì kọjá ₦700 láàárín oṣù yẹn. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà lẹ́yìn ohun tó lé ní 50 ọdún. Nọ́ńbà 1, Industrial Avenue, Ìlúpéjú ni olú iléeṣẹ́ wọn wà nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà wa ni. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi náà ti kéde pé òun ń lọ. N kò sọ pé GlaxoSmithKline ló ń ṣe oògùn Dádì Kékeré o. Gbogbo páálí tacrolimus tí mo ti dì mú, India ni wọ́n kọ sí i lára. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí iléeṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè fara da dọ́là, kí ni a rò pé atẹ̀wé kan ní Ṣómólú máa ṣe?

Ohun tó ṣe nìyí.

Èmi ni mo ń kọ ìwé oògùn nílé wa. Bàbá mi ní níwọ̀n ìgbà tí mo fẹ́ràn ìṣirò, kí n fi ṣe nǹkan gidi. Ìparí ọdún 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mílígíráàmù 4 láàárọ̀, 4 lálẹ́ ni dókítà kọ fún Dádì Kékeré nígbà náà. Kápúsù oní-mílígíráàmù 1 ni wọ́n ń rà: mẹ́jọ lóòjọ́, 240 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kí oògùn oṣù àkọ́kọ́ tán, mo ṣí páálí, mo ka 120. Mo tún un kà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo sáré lọ bá ìyá mi pé oògùn ṣẹ́kù, pé owó lóṣù tó ń bọ̀ máa fúyẹ́. Ìyá mi kò dá mi lóhùn. Wọ́n kàn jókòó.

Nígbà tí bàbá mi bi Dádì Kékeré léèrè, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Wọ́n ní owó tí àwọn fi ń ra oògùn oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò ra ti ọjọ́ mẹ́wàá mọ́. Wọ́n ní kò sí ibi tó ń dun àwọn, ìtọ̀ sì ń jáde dáadáa. Wọ́n wá ní: “Bọ̀dá mi, ẹ ti fún mi ní kíndìnrín. Ṣé kí n tún wá gba owó iléèwé ọmọ yín ni?”

Bàbá mi kò rí èsì fọ̀. Èmi náà kò rí, torí owó iléèwé mi ni wọ́n ń sọ.

Àwọn tó bá ń pè é ní àìgbọ́ràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà pé aláìsàn wa kì í tẹ̀ lé ohun tí dókítà wí, pé ara bá ti yá wọn díẹ̀ ni wọ́n ń ju oògùn nù. Bóyá irú wọn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń wo àago mẹ́jọ alẹ́, tó ń ka kápúsù méjì méjì sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ka owó, aláìgbọ́ràn kọ́ nìyẹn. Ó ń gbọ́ràn sí ọjà lẹ́nu ni, torí ọjà ń sọ̀rọ̀ sókè ju dókítà lọ.

Ìjà tí ara ń bá kíndìnrín jà kì í sì í pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ dànù, ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì ti ń sọ ọ́. Ta ló máa gbọ́ nígbà tó ti pé oṣù márùn-ún tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò kẹ́yìn? Àyẹ̀wò tacrolimus náà lówó lórí, Dádì Kékeré sì ti ń fò ó. Nígbà tí bàbá mi fi ipá mú wọn lọ gbà á, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iléeṣẹ́ àyẹ̀wò tí a lọ lò kí èsì tó jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! 2.1 ló wà níbẹ̀. Creatinine ti di ìlọ́po méjì. Wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa oògùn alágbára sí wọn lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn ju gbogbo ohun tí Dádì Kékeré rò pé àwọn ti fi pamọ́ lọ. Kíndìnrín bàbá mi kò kú, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà. Dókítà sọ ọ́ fún wa láìfi epo bọ iyọ̀ pé ibi tó ti di àpá nínú rẹ̀ kò lè padà bọ̀ sípò.

Ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tó ń díwọ̀n oògùn láìmọ̀ náà wà, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì lè fi erythromycin fún ẹni tó ń wúkọ́, tàbí ketoconazole fún ẹni tí ara ń hún, tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀ á sì fò sókè. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ á já a lulẹ̀. Omi ọsàn grapefruit á gbé e sókè. Ìgbẹ́ gbuuru pàápàá lè gbé e sókè. Ti àgbo, ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò? Gbogbo èyí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn kí ó tó bàjẹ́, bí owó àyẹ̀wò bá wà. Ti orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe oògùn náà tún wà níbẹ̀. Ní Britain, láti 2012 ni àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn ti ní kí àwọn dókítà máa kọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe tacrolimus náà gan-an sínú ìwé oògùn, kí aláìsàn má máa ti orí ọ̀kan fò sórí òmíràn láìsí àyẹ̀wò. Ní Èkó, èyí tó bá wà lórí àtẹ ní oṣù yẹn la ń rà, a sì ń dúpẹ́ pé ó wà.

Mo mọ ohun tí àwọn tó máa ta kò mí fẹ́ sọ. Wọ́n á ní ibà ń pa ọmọdé, ilé ìwòsàn kò ní iná, ìjọba kò lè máa ra oògùn olówó ńlá fún ènìyàn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní láárí ni, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni tí ibà pa ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Federal Medical Centre tó wà ní Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́tta, tí kò jìnnà sí wa, wà lára wọn. Mo yìn wọ́n fún un. Oṣù mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yẹn fi gbé ẹ̀mí Dádì Kékeré ró. N kò lè bú u. Ẹni tó bá ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ bó ṣe yẹ, á fọ̀ ọ́ ní ìgbà 156 lọ́dún. ₦38,000 tí wọ́n yọ kúrò lórí ẹ̀ẹ̀kan, ní ìlọ́po 156, jẹ́ ₦5,928,000 fún ẹnì kan ṣoṣo lọ́dún kan. Owó wà, nígbà náà. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ń ná an fún. Ẹni tó bọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tó ń san owó orí, òun ni wọ́n ní kó lọ fi ara rẹ̀ ra oògùn. Bí kò bá rí i rà, kíndìnrín á kú, á padà sórí ẹ̀rọ, ìjọba á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un.

Àwa nìkan kọ́ la ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọdún 1973 ni ètò Medicare ní Amẹ́ríkà ti ń sanwó ẹ̀rọ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kú, fún gbogbo ìgbà tó bá fi nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 65 tí kò sì ní àléébù ara mìíràn, oṣù 36 péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń sanwó oògùn rẹ̀. Tó bá ti pé, ó di tìrẹ. Àwọn kan kò rí oògùn rà, kíndìnrín wọn kú, wọ́n padà sórí ẹ̀rọ, Medicare tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣe òfin láti tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀! Bí wọ́n bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣìnà, ṣé dandan ni kí a tẹ̀ lé wọn gba ibẹ̀?

Ní Nàìjíríà, ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín, ní St. Nicholas Hospital ní Lagos Island. Ní 2002, Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe é. Ó ti lé ní ọdún 25 tí ọwọ́ àwọn dókítà wa ti mọ iṣẹ́ yìí. Òfin ìlera tí a ṣe ní 2014 sọ bí wọ́n ṣe lè gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo wa wà nínú ètò adójútòfò. Kíndìnrín ní òfin tó ń ṣọ́ ọ nígbà tó ń jáde lára bàbá mi. Lọ́jọ́ tó dé ara Dádì Kékeré, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́ àfi ọmọ iléèwé kan pẹ̀lú ìwé ìṣirò.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ètò adójútòfò ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, gba oògùn mẹ́ta yìí àti àyẹ̀wò tacrolimus mọ́ra fún gbogbo ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá wà láàyè. Kí ìjọba rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo wọn; ẹni tó ń ra àpò ìrẹsì kò san iye tí ẹni tó ń ra kóńgò kan ń san. Kí èsì àyẹ̀wò má kọjá ọjọ́ kejì ní ìlú tó tó Èkó. Kí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sì jókòó ti ẹbí kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa rí oògùn ọdún kẹta, kí wọ́n má kàn bi wọ́n léèrè owó iṣẹ́ abẹ nìkan.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ìbéèrè kan náà kàn yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbé igbá dé ìjọ tàbí mọ́sáláṣí yín, tí wọ́n ní ẹnì kan ń lọ pààrọ̀ kíndìnrín, ẹ dá owó náà, ẹ má ṣahun. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nínú yín dìde kó bèèrè pé, “Oògùn rẹ̀ ńkọ́?” Ojú á tì yín díẹ̀, torí gbogbo èrò á yíjú wò yín bí ẹni tó fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́. Ẹ sáà bèèrè. Ìbá jẹ́ pé ẹnì kan bèèrè rẹ̀ ní 2021, màmá ẹlẹ́wà yẹn ìbá pín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọn sí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lóṣù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ìyẹn ìbá tilẹ̀ rọ àwọn lọ́rùn.

Ní báyìí, bàbá mi ti mú iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ti ọ̀sán ní iléeṣẹ́ ike. Ẹni tó ní kíndìnrín kan ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ìyá mi ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kan. SS 3 ni mo wà, owó WAEC mi sì ti wà nílẹ̀. Bàbá mi ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mílígíráàmù 5 láàárọ̀ àti 5 lálẹ́ ni Dádì Kékeré ń lò báyìí, 300 kápúsù lóṣù. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti fẹ́ lù bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́ tí bàbá mi wà nílé ni òní, mo ń gbọ́ wọn láti pálọ̀.

“Wò ó, ṣé o ti lò ó?”

“Mo ti lò ó, Bọ̀dá mi.”

Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ kà á.